Charlie Chaplin àti àwàdà tó fi ogun ṣe

Fìlà kékeré, ọ̀pá ìtilẹ̀ àti bàtà tó tóbi ju ẹsẹ̀ lọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ Charlie Chaplin. Àmọ́ aláwàdà ọmọ London yìí, tó di ìlú-mọ̀ọ́ká ní Amẹ́ríkà, tún fi ogun ṣe sinimá, ikú gan-an ló sì fi ń pa wá lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

"Shoulder Arms" jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1918, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó parí. Sójà ni Chaplin, inú yàrà tí wọ́n gbẹ́ sójú ogun ló ń gbé. Omi kún ibi tó ń sùn débi pé ẹnu fèrè giramafóònù ló fi ń mí. Nígbà tó fẹ́ ṣí ìgò ọtí, ṣe ló nà án sókè kọjá etí yàrà, ọta ìbọn àwọn ọ̀tá sì bá a fọ́ ọrùn ìgò. Ẹ ò rí nǹkan! Ọta tó ń wá orí ẹ̀ kiri ló fi ṣí ọtí.

Èyí tó tún wá le jù ni "The Great Dictator" ti ọdún 1940. Chaplin ṣe ènìyàn méjì nínú ẹ̀: onígbàjámọ̀ kan tó jẹ́ Júù, àti Hynkel, apàṣẹwàá tó fi ń fi Hitler ṣe yẹ̀yẹ́. (Ọjọ́ mẹ́rin péré ni Chaplin fi ju Hitler lọ, oṣù kẹrin ọdún 1889 ni wọ́n bí àwọn méjèèjì.) Ọkùnrin kan gbé aṣọ tí ọta ò lè wọ̀ wá fún Hynkel, ó ní kó dán an wò. Hynkel yìnbọn, ọkùnrin náà ṣubú, ó kú. Hynkel ní aṣọ náà ò tíì dáa tó, ló bá kọjá lọ. Òmíràn dé fìlà tó ní pàráṣúùtì, ó bẹ́ láti ojú fèrèsé. Hynkel wo ìsàlẹ̀, ó wá bi ọ̀gá ológun rẹ̀ pé kí ló dé tó ń fi àkókò òun ṣòfò. Lójú tèmi, òkú kọ́ là ń fi rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ẹni tí ẹ̀mí ènìyàn ò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ ni.

Nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde ní 1964, Chaplin sọ pé ká ní òun mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ní àwọn àgọ́ ìfìyàjẹni Jámánì nígbà náà, òun ò bá má lè ṣe fíìmù ọ̀hún. Àgọ́ irú rẹ̀ wà nínú fíìmù náà o. Wọ́n ju onígbàjámọ̀ yẹn síbẹ̀, àmọ́ ó wọ aṣọ ológun, ó sì bá ibẹ̀ sá lọ.