Ìjà fún Ẹ̀tọ́ Àwọn Ẹlẹ́sìn Híńdù ní Trinidad

Láàárín 1845 sí 1917, nǹkan bí 144,000 ènìyàn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó láti Íńdíà wá sí oko ìrèké ní Trinidad, lẹ́yìn tí wọ́n ti fòpin sí oko ẹrú. Ẹlẹ́sìn Híńdù ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò padà sílé mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló kọ́kọ́ dùn wọ́n. Àlùfáà Híńdù á so ọkọ àti ìyàwó pọ̀ níwájú iná mímọ́, ẹbí á jẹ, wọ́n á mu, síbẹ̀ òfin kò kà wọ́n sí tọkọtaya àfi tí wọ́n bá tún lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ọmọ àlè ni ìwé ìjọba ń pe ọmọ wọn, bí bàbá bá sì kú láìkọ ìwé ìhágún, ogún lè bọ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Ìyà ńlá gbáà ni. Ọdún 1945 ni òfin tó gba ìgbéyàwó Híńdù wọlé, ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko lẹ́yìn tí Fatel Razack, ọkọ̀ àkọ́kọ́, gúnlẹ̀.

Ní 1952, Bhadase Sagan Maraj, olórí kan láàárín àwọn Híńdù, pa ẹgbẹ́ Híńdù méjì pọ̀, ó sọ wọ́n di Sanatan Dharma Maha Sabha. Kíkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn ni wọ́n gbájú mọ́, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Kristẹni ni ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ń lọ. Àwọn ẹlẹ́gàn ń pe ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní ilé màlúù. Maha Sabha kò dá wọn lóhùn, wọ́n ń kọ́ ọ lọ ni. Maraj tún ní ẹgbẹ́ òṣèlú, ṣùgbọ́n ó fìdí rẹmi lọ́wọ́ ẹgbẹ́ PNM ti Eric Williams nínú ìdìbò 1956. Síbẹ̀, ní 1966, ọjọ́ Divali, àjọ̀dún àwọn Híńdù, di ọjọ́ ìsinmi ìjọba.

Ilé ẹjọ́ ni mo gbà pé Maha Sabha ti ṣe gudugudu méje. Trinity Cross ni oyè tó ga jù lórílẹ̀-èdè náà tẹ́lẹ̀. Maha Sabha pe ẹjọ́, wọ́n ní àmì àgbélébùú kò yẹ ẹni tí kì í ṣe Kristẹni. Ilé ẹjọ́ gíga gbà pẹ̀lú wọn ní 2006 pé oyè náà ń ṣe ojúsàájú, ìjọba sì fi oyè mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2008.

Basdeo Panday di olórí ìjọba ní 1995, ọmọ ìran Íńdíà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Lábẹ́ ìjọba rẹ̀, ní 1999, ni òfin gba ìgbéyàwó àwọn ọlọ́rìṣà wọlé, tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń bọ Ṣàngó, Ògún àti Ọ̀ṣun ní Trinidad náà ní àlùfáà tiwọn tó lè so wọ́n pọ̀ lábẹ́ òfin.