Ta Ni Yóò Ka Lẹ́tà Náà? Ìtàn Ẹ̀rọ Tó Ń Ka Ìwé Sí Etígbọ̀ọ́ Àwọn Afọ́jú

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ kò tíì pọ̀ nílẹ̀ wa, bí lẹ́tà bá dé bá ẹni tí kò mọ̀wé, ọ̀dọ̀ akọ̀wé àdúgbò ni yóò mú un lọ. Yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á." Bí lẹ́tà náà bá jẹ́ ti ayọ̀, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé gbèsè ni wọ́n ń béèrè, tàbí pé ọ̀rọ̀ àárín tọkọtaya ni, ẹni tó kà á ti gbọ́ kí ẹni tó ni ín tó gbọ́. Bí òǹkàwé náà bá sì fo ìlà kan, tàbí tó fi tirẹ̀ kún un, ta ni yóò mọ̀?

Ilé ẹ̀kọ́ ló gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ìṣòro yìí. Ṣùgbọ́n afọ́jú tó kàwé dé yunifásítì pàápàá ṣì ń wá ẹni tí yóò bá a ka lẹ́tà báńkì, èsì àyẹ̀wò ilé ìwòsàn àti ohun tí wọ́n kọ sára páálí oògùn. Lónìí, áàpù orí fóònù lè ka gbogbo wọn sókè fún un. Yóò ya fọ́tò ìwé náà, fóònù yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Àwọn kan rò pé ohun tuntun tó ṣàdédé jáde ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó gbà ju igba ọdún lọ kí ọ̀rọ̀ tó dé ibi tó dé yìí, àwọn afọ́jú fúnra wọn kò sì káwọ́ gbera nínú rẹ̀. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí.

Ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé ni ó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1785, Valentin Haüy dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò ríran. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, François Lesueur, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣagbe ni. Haüy tẹ ìwé tí àwọn lẹ́tà inú rẹ̀ wú sókè lórí bébà, kí àwọn ọmọ náà lè fi ìka wọn kà á. Ó ṣeé kà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé náà tóbi, ó sì wúwo. Ó tún máa ń pẹ́ kí ìka tó mọ lẹ́tà kan yàtọ̀ sí èkejì. Lẹ́tà tí wọ́n ṣe fún ojú ni wọ́n gbé fún ìka.

Ní 1819, ọmọ ọdún 10 kan wọ ilé ẹ̀kọ́ yìí. Louis Braille ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 3 ni nígbà tí irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí bàbá rẹ̀ fi ń lu awọ gún un ní ojú kan. Àrùn ràn dé ojú kejì, méjèèjì sì fọ́. Ọkùnrin kan tó ti ṣe ológun rí, Charles Barbier, gbé ọ̀nà ìkọ̀wé kan wá sí ilé ẹ̀kọ́ náà, tó jẹ́ pé àmì tóótòòtó ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Àmì náà pọ̀ jù fún ìka kan. Braille dín wọn kù sí mẹ́fà péré. Nígbà tí yóò fi di 1824, tó jẹ́ ọmọ ọdún 15, ó ti parí iṣẹ́ náà. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1829. Síbẹ̀, àwọn olùkọ́ tó ríran kò tètè gbà á, nítorí pé àwọn fúnra wọn kò lè kà á. Ọdún 1854 ni ilé ẹ̀kọ́ náà tó gbà á wọlé pátápátá, Braille sì ti kú láti 1852. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀: afọ́jú ló mọ irú ìwé tó yẹ ìka.

Ohun ńlá ni Braille ṣe. Títí di òní, òun ni afọ́jú fi ń kọ̀wé fúnra rẹ̀, tó fi ń mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́tà sí lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ìwé kọ ní Braille kí afọ́jú tó lè kà á. Ta ni yóò tún ìwé ìròyìn àárọ̀ yìí kọ? Ta ni yóò tún lẹ́tà tó dé lánàá kọ? Ìbéèrè yìí ló mú kí àwọn ènìyàn máa wá ẹ̀rọ tí yóò ka ìwé bó ṣe wà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún un kọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ni Edmund Fournier d'Albe, tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó pe ẹ̀rọ náà ní Optophone. Èròjà kan tó ń jẹ́ selenium ló lò, èyí tí iná mànàmáná máa ń gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa bí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí i. Bí ẹ̀rọ náà bá ti ń kọjá lórí lẹ́tà, dúdú àti funfun ojú ìwé yóò di ohùn lóríṣiríṣi, bí ìgbà tí ènìyàn ń fun fèrè. Ẹ̀rọ náà kì í sọ̀rọ̀ o. Ẹni tó ń gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ kọ́ ohùn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń kọ́ láti gbọ́ ohun tí ìlù ń wí. Mary Jameson, ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò ríran, fi Optophone kàwé ní gbangba ní London ní 1918. Bí ọ̀rọ̀ kan péré ló ń kà láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà náà. Kò jáwọ́, nígbà tó yá, ó di ẹni tó ń yára kà á dáadáa. Àmọ́ àwọn tó ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ìfẹ́ ọmọ ló mú ẹlòmíì ronú. John Linvill, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Stanford, ní ọmọbìnrin kan, Candy, tí ojú rẹ̀ fọ́ láti kékeré. Láàárín 1960 sí 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe Optacon. Afọ́jú yóò fi ọwọ́ ọ̀tún tọ́ kámẹ́rà kékeré kan lórí ìlà ìwé, yóò sì gbé ìka ọwọ́ òsì lé àwọn abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tó ń gbọ̀n. Bí kámẹ́rà bá rí A, abẹ́rẹ́ yóò gbọ̀n ní àwòrán A. Candy lò ó títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Síbẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn ni wọ́n ń fi í kà.

Ìgbà tí ìtàn yìí yí padà ni 1976. Ray Kurzweil, ará Amẹ́ríkà, ti dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 1974, tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá lẹ́tà mọ̀, irú ìtẹ̀wé yòówù kó jẹ́. Kò tíì mọ ohun tó fẹ́ fi ìmọ̀ náà ṣe. Ó ti máa ń sọ ọ́ pé inú ọkọ̀ òfurufú ni òun ti jókòó ti ọkùnrin kan tí kò ríran, tó ṣàlàyé fún òun pé ìṣòro gidi tí òun ní ni pé òun kò lè ka ìwé títẹ̀ lásán. Kurzweil rí iṣẹ́ ṣe.

Ohun mẹ́ta ló ní láti so pọ̀. Èkíní, ojú tí yóò wo ìwé, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ojú ìwé tí wọ́n bá dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí gíláàsì. Èkejì, ọpọlọ tí yóò mọ̀ pé A ni A, yálà ó tóbi tàbí ó kéré, yálà ó dúró ṣánṣán tàbí ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀kẹta, ẹnu tí yóò pe ọ̀rọ̀ náà síta. Kò dá a ṣe. Ẹgbẹ́ àwọn afọ́jú Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ National Federation of the Blind, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1940, bá a wá owó, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà sì ń lo ẹ̀rọ náà wò, wọ́n ń sọ ibi tó kù sí fún un. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1976, wọ́n jọ fi í han ayé. Olórin ńlá nì, Stevie Wonder, tí kò ríran, gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì ra ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tà.

Ṣùgbọ́n Stevie Wonder mélòó ló wà láyé? Ẹ̀rọ náà gba orí tábìlì tán, owó rẹ̀ sì wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹẹ́wàá dọ́là. Àwọn yunifásítì àti ilé ìkàwé ńláńlá ló ń rà á. Afọ́jú tó fẹ́ ka lẹ́tà rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé e lọ síbẹ̀. Àṣírí ti bò díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì wọlé.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 1996 pẹ̀lú ọdún 10, ìyẹn 2006, Kurzweil àti ẹgbẹ́ yìí kan náà gbé èyí tó ṣeé mú lọ́wọ́ jáde. Kámẹ́rà kan àti kọ̀ǹpútà kékeré kan ni wọ́n so pọ̀, owó rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 3,500 dọ́là. Ní 2008, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú fóònù Nokia kan. Ní 2009, iPhone bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó wà lójú rẹ̀ fún afọ́jú, èyí sì pa ìbẹ̀rù àwọn tó rò pé fóònù olójú gíláàsì, tí kò ní bọ́tìnnì, kò lè ṣeé lò fún wọn. Nígbà tí áàpù ẹgbẹ́ náà dé orí iPhone ní 2014, 99 dọ́là ni. Ní 2017, Microsoft gbé Seeing AI jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Saqib Shaikh, ẹnjiníà tí ojú rẹ̀ fọ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 7, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Google náà gbé Lookout jáde ní 2019. Ohun tó gba orí tábìlì tán ti wọ àpò ṣòkòtò.

Àwọn áàpù yìí gbọ́n. Bí afọ́jú bá gbé fóònù sókè tí etí ìwé kan kò hàn, ohùn kan yóò sọ fún un kí ó sún un. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àléébù tiwọn. Ìwé tó rún tàbí tó ṣíṣá lè mú kí wọ́n ṣì í kà, ìwé àfọwọ́kọ sì máa ń dààmú wọn. Òmíràn sì wà tó ń fi fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí kọ̀ǹpútà tó jìnnà kí ó tó kà á. Ìbéèrè akọ̀wé àtijọ́ tún dé: ta ló ń bá wa ka lẹ́tà náà, ṣé ó sì lè pa àṣírí mọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú Pacelli ti wà ní Sùúrùlérè, ní ìlú Èkó, láti 1962. Ní 2017, Nàìjíríà wọ àdéhùn Marrakesh, tó fàyè gba ṣíṣe ẹ̀dà ìwé tí afọ́jú lè kà láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ìwé. Ní 2019, ìjọba àpapọ̀ sọ òfin tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀. Òfin ti wà, fóònù náà wà. Kí ló wá kù?

Àmì ohùn ló kù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ Kurzweil kọ́kọ́ kọ́ láti kà, kò sì sí àmì lórí Gẹ̀ẹ́sì. Tiwa yàtọ̀. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Oko mi ti de." Ṣé ọkọ ìyàwó ló dé ni, àbí ọkọ̀ tí a fi ń rìn? Ẹni tó ríran lè wo ìlà tó ṣáájú kó sì méfò. Ẹ̀rọ kò mọ ilé wa, kò mọ ọ̀nà wa. Ohun tó bá rí ni yóò pè. Láti 1859 tí Henry Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ni ìwé Yorùbá ti ń jáde fún gbogbo ènìyàn. Bí a bá ń tẹ ìwé, tí a ń kọ ìkéde, tí a sì ń fi àmì sílẹ̀ nítorí ọ̀lẹ, àwa la ń ti ilẹ̀kùn mọ́ afọ́jú tó jẹ́ ọmọ wa.

Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí kò ṣe é tán ní ọjọ́ kan. Haüy bẹ̀rẹ̀, Braille tún un ṣe, Mary Jameson fi sùúrù kọ́ ọ, àwọn afọ́jú Amẹ́ríkà wá owó sí i. Ipa tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ máa gba máàkì lọ́wọ́ wa bí a bá fi àmì sílẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín kò ríran, ẹ má fi í pa mọ́ sílé. Ẹ jẹ́ kó kọ́ Braille, kó sì kọ́ fóònù. Àwa akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà yóò dé láti ilé, ní èdè Yorùbá, sọ́wọ́ ẹni tí kò ríran. Kí ó lè ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, kí ó sì gbọ́ ọ bó ṣe wà, òun nìkan.