Orísun

Orí ìsun ni àwọn baba wa fà pọ̀ di orísun, ojú ibi tí omi ti ń sun kí ó tó di odò bí Ọ̀tìn, èyí tí ìjọba sé ní Ẹ̀kọ́-Èńdé fún omi mímu. Láti 1998 tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà òyìnbó ti ń sọ ti orísun ṣíṣí, àkọsílẹ̀ tí a fi hun ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n ní lọ́kàn, tí ẹnikẹ́ni lè kà, kí ó sì tún ṣe. Àwọn kan ń pè é ní “ọ̀fẹ́”. N kò fara mọ́ ọn, nítorí a kì í ta odò, ṣùgbọ́n apọnmi a máa gba owó. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni í gbẹ. Ètò tí a sì ti orísun tirẹ̀ pa, bí ẹni tí ó tà á bá kógbá wọlé, káńsù tí ó rà á dáràn. Ti ètò DHIS2, tí orísun rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Yunifásítì Oslo tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà fi ń ka iye ọmọ tí ó gba àjẹsára.