Ìlẹ̀kẹ̀ àti Ìjọba Ifẹ̀ Àtijọ́

Àwọn tí ó ń kọ́ ìtàn ìjọba ńlá ayé àtijọ́, irú bí ti Páṣíà, a máa wá ẹṣin àti ọmọ-ogun kiri nínú ìtàn. Bí wọ́n bá fi ojú yìí wo Ifẹ̀, wọn kò ní rí i. Ìlẹ̀kẹ̀ ni Ifẹ̀ fi di ńlá.

Ní Igbó Olókun, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí a fi ń yọ́ dígí. Èrò ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé tẹ́lẹ̀ ni pé òkè òkun ni dígí náà ti wá, pé títún un yọ́ nìkan ni iṣẹ́ Ifẹ̀. Àyẹ̀wò tí Abidemi Babatunde Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2017 fi hàn pé ní Ifẹ̀ gan-an ni a ti ṣe é. Irú rẹ̀ sì dé Gao, lẹ́bàá odò Ọya. Ìlẹ̀kẹ̀ sì kọ́ ni ohun ọ̀ṣọ́ lásán: òun ni ọba fi ń dé adé.

Nígbà tí ó yá, Ìbíní àti Ọ̀yọ́ gba iwájú. Ọ̀yọ́-Ilé náà tú ní nǹkan bí 1835. Àwọn tí ogun lé wá sí Ifẹ̀ ni wọ́n di ará Mọ́dákẹ́kẹ́. Ìjà wọn pẹ̀lú onílé tú Ifẹ̀ ní nǹkan bí 1849, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1882.

Frobenius, ará Jámánì tí ó dé Ifẹ̀ ní 1910, kò gbà pé Yorùbá lè ṣe irú ère tí ó rí níbẹ̀. Ó ní àwọn Gíríìkì ni. Ní 1938, àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, kan orí idẹ lóríṣiríṣi. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum, ní Lọ́ńdọ̀nù.