Ẹ̀RÍ LÁTI INÚ ẸRẸ̀: ÌTÀN LÍLO ÀWỌN Ẹ̀DÁ ÌSÀLẸ̀ OMI FÚN MÍMỌ ÌLERA ADÁGÚN ÌSÉDÒ

1. Ìfáàrà

Ète wa nínú iṣẹ́ yìí ni láti tọpa ìtàn ọ̀nà kan tí àwọn onímọ̀ ń gbà mọ ìlera omi, èyí tí í ṣe yíyẹ àwọn ẹ̀dá kéékèèké aláìléegun-ẹ̀yìn tí ń gbé ìsàlẹ̀ omi wò. Lára wọn ni ekòló omi, ìṣáwùrú àti ìdin oríṣiríṣi kòkòrò. Omi tí a bù sínú ìgò lónìí, ipò tí odò wà lónìí nìkan ni ó lè sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá tí ó ti ń gbé inú ẹrẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí kò sì lè sá, ẹlẹ́rìí ohun tí ó ti kọjá níbẹ̀ ni. Èrò wa ni pé ẹ̀rí yìí kò ṣeé gbé láti inú omi kan lọ sí òmíràn láìtún un yẹ̀ wò. Adágún ìsédò, èyíinì ni adágún tí a dá sílẹ̀ nípa sísé odò, ni ó fi èyí hàn jù.

2. Ìpìlẹ̀ ní Jámánì

Robert Kolkwitz àti Maximilian Marsson gbé ìlànà wọn jáde ní 1902. Ní 1908 wọ́n to àwọn ewéko omi, ní 1909 wọ́n to àwọn ẹranko, gẹ́gẹ́ bí ìdọ̀tí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè fara dà. Ekòló Tubifex bọ́ sí ìsọ̀rí omi tí ó dọ̀tí jù. Odò tí ń ṣàn, tí ó sì ń wẹ ara rẹ̀ mọ́ bí ó ti ń lọ, ni wọ́n ní lọ́kàn.

August Thienemann ni ó yí ojú sí omi tí kì í ṣàn. Ní 1911 ó tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn adágún ìsédò Westphalia jáde. Lẹ́yìn náà ó yẹ àwọn adágún Eifel wò. Ó rí i pé ìdin Tanytarsus ni ó pọ̀ níbi tí ọ́síjìn kò ti wọ́n ní ìsàlẹ̀, àti pé ìdin Chironomus, tí ara rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀, ni ó pọ̀ níbi tí ó ti wọ́n. Ṣùgbọ́n jíjìn adágún àti ọ̀pọ̀ oúnjẹ inú rẹ̀ lè fa ọ̀wọ́n yìí, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó da ẹ̀gbin sí i. Nítorí náà, rírí Chironomus nìkan kò tó láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

3. Ẹ̀kọ́ adágún Erie

Yorùbá ní ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Ní apá ìwọ̀-oòrùn adágún Erie, láàárín Amẹ́ríkà àti Kánádà, ìdin Hexagenia ni ó kún inú ẹrẹ̀. Ní 1953, ooru mú, afẹ́fẹ́ kò fẹ́, omi òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò pò mọ́ ara wọn, ọ́síjìn ìsàlẹ̀ sì tán. Ní oṣù September, N. Wilson Britt bá òkú ìdin náà lọ́pọ̀lọpọ̀. Láàárín ọdún díẹ̀ Hexagenia fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá níbẹ̀. Ó di ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1990 kí ó tó máa padà. Ẹni tí ó dúró ní etí omi kò lè rí ohun tí ẹrẹ̀ rí.

4. Àwọn adágún ìsédò tiwa

Adágún Volta ní Gánà bẹ̀rẹ̀ sí kún ní 1964, ti Kainji ní Nàìjíríà ní 1968. Igbó tí omi bò ní Volta jẹrà, ó sì gba ọ́síjìn ìsàlẹ̀ tán ní àwọn ọdún àkọ́kọ́. Ní adágún méjèèjì, ìdin Povilla adusta, tí ń gbẹ́ ihò sínú igi, pọ̀ lára àwọn igi tí ó rì. Bí igi wọ̀nyí bá jẹrà tán, ilé rẹ̀ tán, láìjẹ́ pé omi bàjẹ́. Bákan náà, omi Kainji ń lọ sókè sódò lọ́dọọdún tó nǹkan bí mítà 10. Ẹ̀dá etídò tí kò bá lè bá omi lọ yóò kú sórí iyanrìn.

Àtẹ máàkì tí ìgbìmọ̀ kan tí a gbé kalẹ̀ ní 1976 ṣe ní Bìrìtìkó, odò ibẹ̀ ni ó wà fún. Ẹbí Povilla kò tilẹ̀ sí nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi àtẹ náà wọn Kainji bí ó ti wà lè pe etídò tí omi fà sílẹ̀ ní omi tí ẹ̀gbin bà jẹ́.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ó hàn gbangba pé ìran kọ̀ọ̀kan ni ó ní láti tún béèrè ohun tí ẹlẹ́rìí náà ń sọ ní omi tirẹ̀. Omi tí ènìyàn ń mu ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé: àṣìṣe lè mú wa ná owó sórí omi tí kò ṣàìsàn, ó sì lè mú wa fọkàn tán èyí tí ń kú lọ láti ìsàlẹ̀. Nítorí náà, kí a tó fi ẹ̀dá kan ṣe ẹlẹ́rìí nínú adágún ìsédò tiwa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ó ti ń gbé níbẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn àti lójò, láti ọdún tí a ti sé odò náà.