Àwọn Ìwé tí Gwen John Fi Sílẹ̀

Nígbà tí a ń kó ìwé ìrìbọmi àti àwòrán àtijọ́ ìjọ wa jọ fún ọdún ayọ̀ yìí, àwọn kan bi wá léèrè ohun tí a fẹ́ fi ìwé gbígbó ṣe. Obìnrin ayàwòrán kan ni ọkàn mi lọ sí.

Gwen John ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Haverfordwest ní ilẹ̀ Wales ni a bí i sí ní ọdún 1876. Ó kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní ilé-ẹ̀kọ́ Slade ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1895 dé 1898. Ní ọdún 1904 ó fìdí kalẹ̀ sí Párísì. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Augustus John, ni gbogbo ayé ń yìn nígbà náà.

Ní Párísì ó ń jókòó fún Rodin, ọ̀gá àwọn agbẹ́re, kí ó lè fi ìrísí rẹ̀ ṣe ère. Ìfẹ́ ọkùnrin yìí gbà á lọ́kàn pátápátá. Lẹ́tà tí ó kọ sí i tó nǹkan bí 2,000, ní èdè Faransé, wọ́n sì wà ní Musée Rodin títí di òní. Èmi kò ní fi èyí pamọ́ fún yín, nítorí kì í ṣe ìtàn ẹni mímọ́ ni mo ń kọ. Bí ìfẹ́ náà ti ń tutù ni obìnrin yìí ń sún mọ́ Ọlọ́run, a sì gbà á sínú Ìjọ Kátólíìkì ní ọdún 1913.

Meudon, létí Párísì, ni ó ń gbé nígbà náà. Àwọn Sístà ìdílé Dominiki tí ó wà níbẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kí ó ya àwòrán Ìyá Marie Poussepin, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Ìyá náà ti kú láti ọdún 1744. Àwòrán kékeré orí káàdì àdúrà ni Gwen John ń wò yà á. Ọ̀kan kò tó o. Ó yà á, ó tún un yà, fún ọ̀pọ̀ ọdún. (Póòpù John Paul Kejì ka Ìyá yìí mọ́ àwọn Alábùkúnfún ní ọdún 1994.)

Èyí tí ó pọ̀ nínú ìwé rẹ̀ yòókù wà ní Ilé-Ìkàwé Orílẹ̀-Èdè Wales, ní Aberystwyth. Àdúrà àti àkọsílẹ̀ nípa àwọ̀ ọ̀dà ni ó jọ wà níbẹ̀, bí ẹni pé iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì. Níbẹ̀ ni a ti rí ohun tí ó kọ sí Véra Oumançoff, àbúrò Raïssa tí í ṣe aya Jacques Maritain. Aládùúgbò ni wọ́n. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni Gwen John ń mú àwòrán lọ fún un.

Ọ̀ràn tí ó wà láàárín wọn kì í ṣe kékeré. Obìnrin yìí a máa yàwòrán nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jẹ́wọ́ fún Véra pé òun fẹ́ràn láti gbàdúrà bí gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ọkàn òun kì í lè dúró pẹ́ lórí àdúrà. Àwọn ọmọ òrukàn pẹ̀lú fìlà dúdú wọn tí a so rìbọ́ọ̀nù funfun mọ́ a máa wu òun. Bí òun bá gé gbogbo èyí kúrò, ayọ̀ tí yóò kù nínú ayé òun kò ní tó. Èmi tí mo ti ń lé àwọn ọmọdé tí ń wo ẹ̀yìn nígbà Mísà fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yìí, n kò lè dá a lẹ́bi.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1939, bí ogun ti bẹ̀rẹ̀, ó kú ní Dieppe, ní ẹni ọdún 63. Àwòrán orí bébà pọ̀ nínú ohun tí ó fi sílẹ̀. Ní ọdún 1976 ilé-ìṣura Cardiff ra ohun tí ó ju 900 lọ. Àwọn tí ń jọ́sìn ní Meudon wà lára wọn, tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa, tí wọ́n kọjú sí pẹpẹ.