Ta Ló Wà Nínú Erè?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé ná. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Aláàfin ní kí àlejò òyìnbó òun, Clapperton, wá wòran. Clapperton kọ ohun tó rí sílẹ̀, òun la fi mọ̀.

Eégún alárìnjó ló ń ṣeré. Wọ́n kọ́kọ́ wọ inú àpò, wọ́n ń jó, wọ́n ń tàkìtì. Ni erè ńlá kan bá yọ jáde látinú àpò. Ó ń yọ ahọ́n, ó ń lanu, ó ń lé olórí eré tó mú idà lọ́wọ́ kiri. Nígbà tí idà bà á nírù, ó ń lọ́ra bí ẹni tó ń jẹ̀rora. Èjìká ni wọ́n fi gbé e wọlé, síbẹ̀ ó ṣì ń wá ẹni tó máa bù jẹ. Èèyàn ló wà nínú rẹ̀ o! Lẹ́yìn erè ni òyìnbó dé: funfun, tínrín, òtútù ń mú un, ó ń fín áṣáà, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wojú Clapperton bóyá ó mọ ara rẹ̀.

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹranko tó bá èèyàn ṣe eré apanilẹ́rìn-ín, sinimá òkè òkun ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Ó dáa. Chaplin bá ajá ṣe A Dog's Life ní 1918. Mut lorúkọ ajá náà. Ní 1951, Ronald Reagan bá ìnàkí kan ṣe Bedtime for Bonzo. Peggy ni wọ́n ń pè é. Reagan di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1981, wọn ò yéé fi ìnàkí yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀.

Ajá ní orúkọ, ìnàkí ní orúkọ. Àwọn baba wa tó wà nínú erè Ọ̀yọ́-Ilé ńkọ́? Clapperton kọ bí erè ṣe rìn, kò kọ ẹni tó ń rìn. Nígbà tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, fi máa gbé Ọ̀run Móoru jáde ní 1982, orúkọ òṣèré ló ń pe èrò wá sí sinimá. Ti abẹ́ aṣọ ò tíì yí padà.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí mo wà nílé ìwé girama níbí ní Adó, a ṣe eré kan, èmi sì ni ìrù erè. Àwa mẹ́ta la wà lábẹ́ aṣọ. Ooru fẹ́ẹ̀ pa mí. Gìgísẹ̀ ẹni tó wà níwájú mi nìkan ni mo rí títí eré fi parí. Àmọ́ mo gbọ́ ẹ̀rín. Èrò rẹ́rìn-ín títí, ọdẹ tó pa wá wá tẹríba fún wọn.

Wọ́n tẹ orúkọ òṣèré sórí ìwé: ọdẹ, ìyàwó rẹ̀, onílù, títí kan ẹni tó yá wa ní odó. Ìyá mi àgbà ò mọ̀wé. Ó ní kí wọ́n kà á fóun, wọ́n kà á tán. Ó ní kí wọ́n tún un kà, bóyá wọ́n fo ibì kan.

Wọn ò fo ibì kankan.